Iṣẹ́ Tí N Kò Jẹ́ fún Màmá Dọ́kásì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Àgbàlagbà ni mí, ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́ ọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Màmá Dọ́kásì ni, wọ́n sì tún fẹ́ rán mi níṣẹ́ lọ sí ilé Màmá náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. N kò lè gbé ẹnu yìí lọ síbẹ̀ mọ́ láìjẹ́wọ́.

Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ awọ ni mo sì fi gbogbo ayé mi ṣe. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Àlàbí la jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Báàgì, sálúbàtà àti tìmùtìmù là ń ṣe. Ọ̀yọ́ níbí la ti ń fá awọ, tí a ń pa á láró, tí a ń gé e. Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, Màmá Dọ́kásì, ló ń bá wa rán an ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ilé wọn lẹ́yìn Ọjà Igbó. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, wọn kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi náà kì í gé awọ lọ́sàn-án Jímọ̀. Màmá á ní, "Lásísì, èmi pẹ̀lú ẹ la ò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ yìí gbèrú." A ó wá máa rẹ́rìn-ín.

Mo rántí gbogbo wọn. Jìnádù tó ń fá awọ. Múníràtù aláró, tí èékánná rẹ̀ kì í mọ́ láéláé. Súlè tó ń kó awọ ewúrẹ́ wá láti Ìkòyí-Ilé. Lọ́dọ̀ Màmá, Ẹ́sítà àti Rúùtù, àti Àyìnkẹ́ tó máa ń sùn lórí maṣíìnì. Ó máa ń wù mí kí n gbàgbé orúkọ wọn, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe.

Nígbà tí Àlàbí kú, ọmọ rẹ̀ Káyọ̀dé ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Màmá Dọ́kásì ló tọ́ Káyọ̀dé dàgbà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti lọ ilé ìwé. Àlàbí sì ti sọ kó tó kú pé a ò gbọdọ̀ ṣe ohun ńlá kankan nínú iṣẹ́ náà àfi bí àwa mẹ́ta bá fẹnu kò: Káyọ̀dé, èmi àti Màmá.

Lọ́jọ́ kan Káyọ̀dé wá bá mi nídìí awọ. Ó ní, "Bàbá, mo rìn yí gbogbo Under G ká, lẹ́bàá yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. N ò rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé báàgì wa. Ti òkè òkun ni gbogbo wọn ń gbé." Ó ní àwọn kan ní Ṣáínà lè máa bá wa ṣe é pẹ̀lú orúkọ wa lára rẹ̀, kò sì ní wọ́n bíi tiwa. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Ó ní tí a bá kó iṣẹ́ lọ, kí ni Jìnádù àti àwọn yòókù yóò ṣe? Tí a ò bá sì kó o lọ, ṣé ilé iṣẹ́ náà ò ní kú mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́?

Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ọmọ mi, Mufútáù, ni yóò lọ máa gbé ibẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mufútáù ti jáde ilé ìwé, ó kàn ń jókòó sílé ni. Gbogbo ibi tó gbé ẹsẹ̀ lé ló ń yẹ̀. Bí Káyọ̀dé ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí ni mo ti di bàbá ẹni tó wà lókè òkun lójú ara mi.

Káyọ̀dé ní, "Ó ku Màmá. Bí wọ́n bá ní rárá, n ò ní ṣe é mọ́. Ẹ bá mi lọ bi wọ́n."

Orúnkún ń dun Màmá nígbà náà, wọn ò lè wọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi fóònù bi àgbà ní irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ènìyàn la máa ń rán. Ohun tí ẹni náà bá mú bọ̀, bí ìgbà tí àgbà náà jókòó síbẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kì í padà lọ wádìí rẹ̀, torí wọ́n á ní ó pe ìránṣẹ́ ní òpùrọ́.

Mo lọ. Màmá gbọ́ mi délẹ̀. Wọn ò gbà. Màá kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

Nínú mọ́tò, Mufútáù ni mò ń rò títí tí mo fi dé. Káyọ̀dé ti dúró sẹ́nu géètì. Jìnádù dá ọ̀bẹ ìfáwọ dúró.

"Bàbá, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ohun tó bá dára lójú rẹ ni kó o ṣe."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Má tíì lọ. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò fúyẹ́. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Irọ́ kejì yẹn ló burú jù.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò lọ kó maṣíìnì nílé Màmá, mo bá wọn lọ. Màmá wò mí. "Lásísì, ṣé o jẹ́ iṣẹ́ mi?"

"Mo jẹ́ ẹ, Màmá. Ọmọ náà ní ayé ti yí padà."

"Gbogbo ẹ̀ lo sọ fún un?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Ó dáa." Wọ́n wọlé. Wọn ò dárúkọ Káyọ̀dé sí mi létí mọ́.

Nígbà tí Kérésìmesì dé, Káyọ̀dé fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, Màmá dá a padà. Ó sáré wá bá mi: "Bàbá, kí ni mo ṣe? Ṣebí wọ́n gbà?" Mo ní ó jọ pé ara ló ń ni wọ́n. Bí mo ṣe ya ọmọ àti ìyá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí mo sì ń jẹun nílé àwọn méjèèjì.

Jìnádù ń gun ọ̀kadà báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn ni Múníràtù lọ. Súlè, ẹnikẹ́ni ò rántí sọ fún un. Ó kó awọ wá láti Ìkòyí-Ilé, ó bá géètì ní títì, ó dúró síbẹ̀ títí awọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mufútáù ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Ṣáínà, báàgì wa tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ bíi odi. N kì í fi í han ẹnikẹ́ni.

Níbi ìsìnkú, Fúnmiláyọ̀, ọmọ Màmá, kò jẹ́ kí Káyọ̀dé sún mọ́ àwọn ẹbí. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá Ṣáínà. Ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ni kí ẹ jókòó sí." Ẹni tí Màmá pọ̀n dàgbà! Káyọ̀dé lọ jókòó síbẹ̀. Èmi, àárín ẹbí ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi.

Ní báyìí dọ́là ti wọ́n, Káyọ̀dé fẹ́ kó iṣẹ́ padà wálé. Ilé Màmá ló fẹ́ gbé maṣíìnì padà sí, kí Ẹ́sítà àti àwọn yòókù lè wá. Ó ní, "Bàbá, Fúnmiláyọ̀ ò lè gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu yín ló máa gbà." Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, kó jẹ́ kó fúyẹ́ ná. Irọ́ nìyẹn náà. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi.

Bí n kò bá sọ òótọ́, Fúnmiláyọ̀ ò ní gbà láéláé, iṣẹ́ náà ò sì ní padà wá. Bí mo bá sọ ọ́, Káyọ̀dé á mọ ẹni tó gba ìyá lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Mufútáù wà, tí kò mọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ tí Màmá rán mi nìyí, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan:

"Lásísì, sọ fún Káyọ̀dé pé n ò gbà o. N ò fẹ́ kí awọ wa kúrò nílé. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé n ò bínú. Tó bá jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kó máa kó o lọ, kó má wo tèmi. Kó ṣáà kọ́kọ́ wá jẹun níbí. Ọmọ mi ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, nínú Káyọ̀dé àti Fúnmiláyọ̀, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́ ẹ fún?