Ibojì Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Àníọlá

Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ yé sunkún, ẹ kò tíì gbọ́ ohun tí ẹ máa sunkún sí. Òwúrọ̀ yìí ni Dúródọlá àbúrò mi dúró níbi ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà la máa sin yín sí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lẹ́nu. Èmi Fáṣínà, olórí ẹbí yín, n kò lè bá ohun tó wà nínú ibojì yẹn sùn. Kì í ṣe èèyàn.

Àníọlá, má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Wọlé. Ìwọ ni mo ṣẹ̀.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mo ta ilẹ̀ yẹn fún Àníọlá, aránṣọ Ajah, nígbà tí Lakowe ṣì jẹ́ oko àgbàdo. Ó rà á tán, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé, kí n lọ forúkọ ilẹ̀ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba." Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Mo ní, "Ìjọba wo? Ìjọba ló gbin àgbọn yìí? Rìsíìtì tí mo fún ọ, kí ló ṣe é? Lọ ra ọ̀dà pupa, kí o kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà." Ó sì lọ kọ ọ́! Ẹ̀yin ará Lekki tí ẹ kọ́lé aláràbarà, tí ẹ ń fi ọ̀dà lé olè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ àwa ọmọ onílẹ̀. Ṣé olè ò mọ̀wé kà ni? Ó kà á, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò ní ìwé kankan.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ èbúté ńlá sápá Ìbẹ̀jú, ilẹ̀ wa gbówó lórí, ojúkòkòrò sì wọ̀ mí lẹ́wù. Akíndàmọ́lá, olówó kan láti Oniru, ní ilẹ̀ Àníọlá gan-an lòun fẹ́. Kí ni yóò lé obìnrin yìí tí ẹnikẹ́ni kò ní bá mi jiyàn? Òkú. Ta ní í bá òkú du ilẹ̀? Mo gbẹ́ ihò síbẹ̀ lóru, mo pe Ishaq, bíríkìlà ará Ìwó, kó wá mọ ibojì lé e. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló kú?" Mo ní bàbá bàbá mi ni. "Ìgbà wo?" "Kí wọ́n tó bí mi." Ó wo ihò, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kì í kánjú sìnkú o."

Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la gbé síbẹ̀. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, òun ni mo sọ di baba ńlá yín! A fi èédú pa simẹ́ńtì lójú kó lè dà bíi ti àtijọ́.

Àwọn àgbà jókòó dá ẹjọ́. Àníọlá ní, "Àgbàdo ni mo bá níbẹ̀, n kò bá òkú." Mo ṣubú lé ibojì, mo ké, "Bàbá, ẹ dìde wá gbèjà mi!" Àǹtí Àbẹ̀bí, ẹ̀yin lẹ sunkún jù, ẹ kò sì mọ orúkọ ẹni tí ẹ ń sunkún fún. Obìnrin yìí di ẹsẹ̀ mi mú: "Bàbá, ibi tí mo fẹ́ kọ́lé fún ìyá mi nìyí. Ẹ fọwọ́ lé ibojì, kí ẹ búra." Mo fọwọ́ lé e. Mo búra. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà sì dá mi láre. Ẹranko ni mí! Inú yàrá àyágbé tí omi ń wọ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí.

Ẹ gbọ́ èrè mi. Akíndàmọ́lá dé, ó rí ibojì, ó fò sẹ́yìn: "Kí n kọ́lé sórí bàbá yín? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó wọ mọ́tò, ó lọ. N kò rílẹ̀ tà, Àníọlá kò rílẹ̀ kọ́lé sí, ẹ̀yin sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ń bẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé kó fún yín lọ́mọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwé ìjọba kò wúlò, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa: ó ti di ọkọ́ mú.

Àníọlá, dárí jì mí. Lọ́yà ti gbé ìwé tí mo kọ̀ nígbà náà wá, mo ti fọwọ́ sí i. Ó ku Dúródọlá tó máa jẹ́ olórí ẹbí lẹ́yìn mi. Bí ẹ bá sin mí síbẹ̀ kí orúkọ Àníọlá tó wọ ìwé ìjọba, irọ́ mi á di òótọ́: òkú gidi á wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, kò sì sí adájọ́ tí yóò lé mi jáde.

Dúródọlá, gba bírò. Fọwọ́ sí i ná, kí o tó sunkún.