Ta Ló Ń Pa Iná Ilé Wa?

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún tó kọjá ti há mi lọ́fun, òní ni mo máa pọ̀ ọ́. Èmi Jàmíù oníná, mo purọ́ fún yín.

Ẹ rántí pé èmi ni mo gbé iná sẹ́nu ọ̀nà yìí, èyí tó ní ojú kékeré, sẹ́ńsọ̀, tó máa ń tan iná fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo mọṣẹ́ mi, mi ò ní tìtorí ìjẹ́wọ́ sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo kàn án mọ́ ni mo ti ṣìṣe: ògiri tí ẹ̀rọ ata Ìyá Kúlúsúmù fẹ̀yìn tì. Ìrọ̀lẹ́ sì ni gbogbo àdúgbò ń lọ ata ọbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti ń dún, ògiri á máa gbọ̀n, wáyà inú sẹ́ńsọ̀ ò ní fara kanra dáadáa mọ́, iná á ṣẹ́jú, á sì kú. Inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó Baba Màmúdù, baálé wa, ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ wọn kán.

Ìyá Kúlúsúmù wá lọ sí ìsọmọlórúkọ l'Óṣogbo. Ẹ̀rọ dákẹ́, iná sì tàn rekete. Ni ariwo bá ta: "Ẹ ò rí i? Àjẹ́ ni! Òun ló ń pa á!"

Baba Màmúdù pè mí síwájú gbogbo yín. Wọ́n ní, "Jàmíù, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé iná ló bàjẹ́ ni, àbí èèyàn ló ń ṣe é?" Bẹ́ẹ̀, mo ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yẹn nígbà tí ẹ̀rọ ń dún, mo ti mọ̀ pé gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń pa iná. Ojú ló ń tì mí. Mo ní, "Baba, kò sí nǹkan tó ṣe iná mi. Èèyàn ni." Ẹnu yìí ni mo fi lé Ìyá Kúlúsúmù, opó tí ọkọ rẹ̀ ti kú, jáde nílé ọkọ rẹ̀. Ìkà ni mí! Nígbà tí ìyá náà kó ẹ̀rọ wọn lọ sí Yemetu, tí iná ò kú mọ́, ẹ ń kí mi kú iṣẹ́, mo sì ń dáhùn.

Láìpẹ́ yìí ni mo bá Ìyá Kúlúsúmù létí títì níbẹ̀, tí òjò ń pa wọ́n nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Jàmíù ọmọ mi, ṣé iná yẹn ti ń tàn dáadáa? Alihamudulilai. Mò ń ṣàdúà sí i." Mo sunkún délé.

Ìyá tí mo bẹ̀ wá láti Yemetu rèé. Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ dárí jì mí. Mo ti yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lára ògiri, mo gbé e sórí òpó, mo fi rọ́bà táyà tẹ́ ẹ nídìí. Ẹ̀rọ yín náà rèé láàyè rẹ̀ àtijọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ tan ẹ̀rọ náà níṣojú gbogbo ará ilé. Bí iná bá kú, kí wọ́n lé èmi náà jáde.