Wọ́n Ní Ara Bàbá Mi Yá Jù Nínú Fọ́tò

Rárá o, Bùrọ̀dá Lọ́yà, mi ò ní jókòó, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Ẹ ní fọ́tò tí mo mú wá ò wúlò? Ẹ ní ara bàbá mi yá jù nínú ẹ̀? Ọkùnrin tí ẹ̀gbà mú lápá, tó mú lẹ́sẹ̀, tí a ń gbé dìde tí a ń gbé jókòó, òun ni ara ẹ̀ yá?

Ẹ ṣáà mọ ohun tí a ń wá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ṣoṣo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lókè òkun, dókítà sì ti ní kí ẹbí tètè máa bọ̀. Màmá fẹ́ lọ fojú kàn án, kó lo ọ̀sẹ̀ méjì, kó padà. Físà ìbẹ̀wò lásán. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ẹ́ńbásì bi í pé ìgbà wo ló máa padà, màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá yọ̀ǹda mi." Kí ni kó sọ? Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà, ṣé kó ti ilé dá ọjọ́ tó máa fi í sílẹ̀ lórí àìsàn? Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá lọ kí bàbá yín, ṣé ẹnu ọ̀nà lẹ ti ń sọ ìgbà tí ẹ máa lọ? Ọ̀wọ̀ lásán ni. Àwọn ò wá fún un ní físà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní in lọ́kàn láti padà, pé kò sí ohun tó máa mú un padà sílé.

Mo ka gbólóhùn yẹn títí ojú fi ń ta mí.

Wọ́n bi í nípa ọkọ, ó ní àlàáfíà ló wà. Mo mọ̀, mo mọ̀, òun ni ò sọ. Ṣé kó wá máa ka àìsàn ọkọ ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀ rí, lójú gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn ẹ̀? Ẹni yẹn ò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti pe ẹlòmíì.

Ẹ ní ká pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, a pè é. Ẹ ní ẹni tó máa dá a ò ní rí màmá sójú, ìwé nìkan ló máa kà, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ ló sì máa kọ́kọ́ kà. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn? Ẹ ní kí n ya bàbá ní fọ́tò, mo yà á. Ẹ tún wá ní kí n lọ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀, kí itọ́ ẹnu ẹ̀ hàn, kí wọ́n lè gbà pé ó ń ṣàìsàn.

Mi ò ní ṣe é. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé mo fẹ́ ya òun, ọwọ́ òsì ló fi nàka sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń wa bọ́ọ̀sì láyé ọjọ́sí. Màmá wọ̀ ọ́ fún un, ó nu ẹnu ẹ̀, ó de bọ́tìnnì ẹ̀ títí dé ọrùn. Bàbá wá rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó dáadáa, apá kan ẹnu ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín.

Fọ́tò yẹn lẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ fi èdè kóòtù yín kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọkùnrin yìí ò lè de bọ́tìnnì ara ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a dè é láràárọ̀. Èmi ni n ó dúró fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí, bàbá fi ẹnu wúwo yẹn sọ pé mo fẹ́ fún òun lọ́rùn pa, pé ìyàwó òun dà.

Ẹ̀rín ń pa yín? Ẹ kọ ìyẹn náà sí i. Kí wọ́n kà á dáadáa, kí wọ́n tó tún sọ pé kò sí ohun tó máa mú un padà sílé.