Wọ́n Gba Ọmọ Náà Lọ́wọ́ Mi Torí Pé Mo Sọ Òótọ́

Ṣé ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yìí lẹ kọ ọ́ síwèé pé ọ̀ràn mi ti parí? Ọ̀ràn mi ti parí kẹ̀! Àbí mo ti kú ni? Rárá o, ọmọ mi, mi ò mu omi, bí mo bá mu omi tán, ẹ ó ní kí n máa lọ sílé!

Télọ̀ ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ kí ojú mi tó di bàìbàì. Baálé mi ti lọ, àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn, mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí n má gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ̀yin lẹ wá kanlẹ̀kùn mi o, èmi kọ́ ni mo wá yín wá! Ẹ ní ẹgbẹ́ yín ń so ọmọdé pọ̀ mọ́ àgbà kí àdáwà má baà pa wá. Lẹ bá mú ọmọbìnrin kan wá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó sétí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde. Mo ní, "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan, mà. Ó kàn ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bi mí ní nǹkan ni." Lómi bá bọ́ lójú ẹ̀. Háà! Èmi tẹ́ ẹ ní kó wá tù nínú, èmi ni mò ń nujú fún un! Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ran ihò bọ́tìnnì. Bó bá ran án wọ́, a ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú mi.

Lẹ bá gbé fọ́ọ̀mù dé. Ìwọ yìí náà lo kà á fún mi: "Màmá, ṣé ẹ ṣì ń dá wà?" Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Ọlọ́run ń gbọ́, ṣé kí n purọ́ ni? Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, aago mẹ́rin lù, márùn-ún lù. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ara mi ti yá, ẹ ti fún ẹlòmíràn ní ọmọ náà. Ara mi ti yá! Ṣé ẹni tó jẹun yó lánàá kì í jẹun lónìí mọ́ ni?

Mi ò sunkún o. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo kàn ń wo ògiri, ògiri ń wò mí. Abẹ́rẹ́ gún mi níka lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn.

Kí lo wí? Òfin? Òfin ò jẹ́ kó o fún mi ní nọ́ńbà fóònù ọmọ náà? Ó dáa, má fún mi. Má sì rán ẹnikẹ́ni sí mi mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ yẹn léèrè bóyá òun náà ń dá wà? Ẹ ò bi í! Àgbà nìkan lẹ rò pé ó ní ilé òfìfo!

Gbé fóònù yẹn, pè é níṣojú mi. Sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe mí. Sọ fún un pé èmi ni n ó máa wá kí i báyìí, kó sọ ọjọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń dilẹ̀. Pè é, jàre. Kí lò ń wò mí fún?