Mọ́tò Tí Wọ́n Tì Lásán

Ẹ̀yin ará ojúlé yìí, ẹ jókòó. Ìwọ náà, Yẹ̀kínnì, má tíì gbé mi lọ. Mo mọ̀ pé dókítà ní bí òun kò bá là mí nínú lónìí, mo kú nìyẹn. Kó dúró. Láti ọdún tí Ọbabìnrin òyìnbó ti wá sí Èkó ni ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi, ó sì ń jẹ mí ju àìsàn yìí lọ. N kò ní gbé e wọ ibojì. Bí mo bá parí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sí mi lójú tu ú. N kò ní nù ún.

Gbogbo yín lẹ mọ mọ́tò mi. Ọwọ́ òyìnbó reluwé kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ni mo ti rà á, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní Èbúté Mẹ́ta. Kì í ṣe tuntun. Kò tóbi bíi ti ọba, kò sì kéré débi tí orókùn ènìyàn á fi máa kan àgbọ̀n rẹ̀. Kì í mu epo. N kò gbé e fún mẹkáníìkì rí. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀. Wáyà tí ẹlòmíràn ń jù nù, èmi ń so ó pọ̀. Táyà tó bá fẹ́ jẹ lápá kan, mo máa ń pa á dà kó tó ṣòfò. Síkírù alápatà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Ògúntádé, mọ́tò yín yìí kàwé jù yín lọ, òun ló yẹ kó máa lọ sí ọ́fíìsì!" Màá ṣe bí ẹni tó bínú, ṣùgbọ́n orí mi ń wú. Ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni mí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ṣòfò.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àdúgbò sọ mọ́tò náà di tiwọn. Ìyàwó ni, òkú ni, iṣu ọjà ni, "Ẹ lọ bá Bàbá Ògúntádé." Ní ọdún Iléyá kan, àgbò tí mo bá wọn gbé tọ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn títí ó fi wọ inú òwú. Yẹ̀kínnì, ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ kúṣìn rírán, o tú ìjókòó náà palẹ̀, o kó òwú tuntun sí i, o sì fi aṣọ funfun tó nípọn bò ó. Kùdírátù aya rẹ, tó lóyún nígbà náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán etí aṣọ náà. Ìjókòó náà rọ̀ débi pé mo máa ń lọ jókòó sínú mọ́tò lásán nírọ̀lẹ́. Mo fẹ́ sanwó fún ọ, o ní, "Owó kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kì í ṣe mọ́tò wa ni?" Mọ́tò wa! Oore lo ṣe mí. Èmi gbàgbé oore, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn, ó ń gún mi bí ẹ̀gún.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kan. Nǹkan dúdú kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì, rótọ̀ là ń pè é, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Òun ló ń pín iná. Bí a bá yọ ọ́, mọ́tò kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Ìwé ẹ̀kọ́ mi ní kí á máa yọ ọ́ nítorí olè. Èmi ń yọ ọ́ nítorí ẹ̀yin. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ mọ́tò, màá ní, "Ẹ wá wò ó fúnra yín." Màá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa gbin, kò ní dáhùn. Ẹ̀yin á bá mi kẹ́dùn, ẹ ó lọ. Inú àpò ṣòkòtò mi ni rótọ̀ wà.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Yẹ̀kínnì, o sáré wọlé tọ̀ mí wá láìwọ bàtà. Kùdírátù ti ń rọbí láti àná, agbẹ̀bí ní agbára òun kò ká a mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò!" Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Aṣọ funfun ìjókòó yẹn ni ojú mi rí. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó: "Ó mà ṣe o, kò ṣiṣẹ́ láti àná." Mo rò pé ẹ ó wá ibòmíràn lọ. Síkírù ní, "A ó tì í! Ṣé ọkùnrin wọ́n níbí ni?" Kí n tó la ẹnu, ẹ ti gbé obìnrin náà sórí ìjókòó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi wọ àpò, ó kan rótọ̀. Mo fẹ́ fi í sí i, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ Yẹ̀kínnì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, ojú rẹ kò kúrò lára ọwọ́ mi: "Kí ló ṣe é, Ẹ̀gbọ́n? Kí ni kí n bá yín dì mú?" Bí mo bá yọ ọ́ síta, wàá mọ̀, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé òpùrọ́ ni Ògúntádé tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí irọ́. Ǹ bá ní kí o lọ bu omi wá, kí n rí àyè fi í sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀! N kò sọ ọ́. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo lọ jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀.

Ẹ tì í. Ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ funfun Jímọ̀, ẹ fi èjìká ti mọ́tò nínú ẹrẹ̀, ẹ ń pariwo, "Ó kù díẹ̀! Ó fẹ́ dáhùn! Ẹ má jẹ́ kó dúró!" Síkírù ṣubú, ó dìde, ó tún tì í. Èmi ń yí ọwọ́ ọkọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gbìyànjú, rótọ̀ sì ń gún mi nítan. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Kùdírátù lẹ́yìn mi, ó ti rẹlẹ̀: "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti ba ìjókòó yín jẹ́." Mo sì dá a lóhùn. Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Èmi! Èmi ni mo dárí ji òun!

Nígbà tí ẹ dé títì, lọ́rì kan tó ń kó pákó bọ̀ láti Makoko ṣàánú yín. Orí pákó lẹ tẹ́ ẹ sí. Kò dé ilé ìwòsàn láàyè. Tìyá tọmọ.

Bí lọ́rì náà ti lọ, tó ku èmi nìkan, mo fi rótọ̀ sí ipò rẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dáhùn. Ó ń ké jẹ́jẹ́ bó ti máa ń ké. Mo sọ fún yín pé wáyà kan ló já, pé mo ti so ó, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ yìn mí. Yẹ̀kínnì, lẹ́yìn ìsìnkú, o gbé garawa àti ọṣẹ wá, o fọ ẹ̀jẹ̀ aya rẹ kúrò lórí ìjókòó mi, o ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú." Mo dúró, mo jẹ́ kí o fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí àìsàn sì ti dá mi wólẹ̀, ìwọ lò ń fi mọ́tò náà gbé mi lọ sílé ìwòsàn, tí ò ń gbé mi bọ̀, tí ò ń fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn mi, tí ò ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó rọ̀ yín lọ́rùn?" Kò rọ̀ mí lọ́rùn rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ohun tí ẹ ń ṣọ́ kó má baà dọ̀tí, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ẹ ń ṣọ́ ọ dè. Ìjókòó náà ti gbó. Bí gbogbo ìjókòó ṣe ń gbó náà ni.

Yẹ̀kínnì, rótọ̀ náà nìyí. Mo fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ yọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Gbà á. Dárí jì mí, bó bá ṣeé ṣe. Mọ́tò wa wà níta. Bí o bá fi í sí ipò rẹ̀, gbé mi lọ. Bí o bá sì fi í sí àpò tìrẹ, kí ẹnikẹ́ni má bá ọ wí, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi ti mọ́tò náà.