Ẹni Tó Jókòó Sílé

Lórí ìlà tí a ti ń gba oògùn ní ìlú Stafford, níhìn-ín lókè òkun, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan àti ọkùnrin tó fi mọ́tò gbé e wá.

"Ọmọ ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí bí àwọn ará Ireland ṣe bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn òmìnira. Olórí wọn jókòó sílé, ó rán àwọn ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n gba èyí tí apá wọn ká, ó ní òun ò fara mọ́ ọn. Ọmọ náà wá ní kí ló dé tí kò lọ fúnra rẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kó lọ bi olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwa olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nílé, èmi ni alága. Mo mọ̀ pé ìjọba ò ní fún wa tó bí a ṣe fẹ́. Mo ní ara mi ò yá, mo rán igbákejì mi lọ bá wọn ṣe àdéhùn. Bẹ́ẹ̀, ara mi yá."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ara mi yá. Nígbà tó gba ìwọ̀nba tí wọ́n fún un dé, èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀."

"Ẹ ò bẹ̀ ẹ́?"

"Ó ti kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Mission Bend, nítòsí ibí, ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."