Fóònù Ọwọ́ Ọkọ Ẹ̀

Ní ìdúró ọkọ̀ ojú irin ní Decatur, obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi: ọ̀kan wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, èkejì ṣì kéré, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún òkè òkun.

Èyí kékeré ní, "Aunty, ìjọba fẹ́ ká máa dán ọgbọ́n tuntun wò. Wọ́n ti gbé bill kan wá sílé aṣòfin. Tó bá pass, nọ́ọ̀sì ò ní máa gbé oògùn HIV lọ sílé èèyàn mọ́. Text la ó máa fi ránṣẹ́ sí fóònù wọn pé kí wọ́n wá gbà á."

"Títí kan Iléṣà?"

"Ibẹ̀ gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ohùn Aunty lọ sílẹ̀. "Àbúrò mi wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa ń ṣe bí ẹni tó ń ta ọṣẹ wọlé tọ̀ ọ́, abẹ́ ọṣẹ ni oògùn máa ń wà. Ọkọ ẹ̀ ò mọ̀."

"Ẹ ní kó máa delete text náà."

"Ọwọ́ ọkọ ẹ̀ ni fóònù máa ń wà."

Ọkọ̀ dé. Èyí kékeré dìde, àmọ́ Aunty di apá ẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n fi ọmọ ẹlòmíì dán an wò."